Oògùn Ẹja Kì í Ṣe Oògùn Ewé

Ọjọ́ Ajé, 2 oṣù kẹfà

Bọ̀dá mi ti ìrìnàjò dé lónìí, wọ́n sì gbé ẹja wá fún Bàbá. Ẹja pupa rẹ́súrẹ́sú, nínú ọ̀rá tí wọ́n fẹ́ afẹ́fẹ́ sí títí ó fi yọ ikùn bí aláboyún. Wọn ò pè mí kí wọ́n tó rà á. Wọn ò béèrè bóyá àyè wà.

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ gbé inú bọ́kẹ́ẹ̀tì fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ká mọ̀ bóyá ara wọn le. Bí Bàbá ṣe máa ń ṣe nìyẹn."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ẹja náà ti wá di àlejò tí à ń yẹ àpò ẹ̀ wò?"

Bí wọ́n ṣe tú ọ̀rá náà sínú tánkì gíláàsì tí Bàbá ń sin ẹja àti ewé omi sí nìyẹn, tẹja tomi. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ àga Bàbá, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n fi ránṣẹ́ sí gbogbo mọ̀lẹ́bí pé àwọn wá kí Bàbá. Èmi tí mo ń wẹ̀ fún Bàbá láràárọ̀ ló wà lẹ́yìn kámẹ́rà.

Bàbá wo ẹja. Wọ́n wò mí. Wọ́n ní, "Ó dáa."

Láti ìgbà tí rọpárọsẹ̀ ti gba apá ọ̀tún àti ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ wọn, gbólóhùn yẹn nìkan ló ṣẹ́kù. Ebi ń pa wọ́n: ó dáa. Tíì gbóná jù: ó dáa. Wọ́n ṣubú ní ilé ìwẹ̀: ó dáa. Bí mo bá gbọ́ "ó dáa" lẹ́nu ẹlòmíràn níta báyìí, bíi kí n gbá a létí ló ń ṣe mí.

Àbámẹ́ta, 7 oṣù kẹfà

Òjò láti àárọ̀. Mo rí nǹkan funfun wínníwínní lára ẹja tuntun, bí ẹni pé wọ́n wọ́n iyọ̀ sí wọn. Wọ́n ń fi ẹ̀gbẹ́ họra mọ́ òkúta. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti ran àwọn ẹja wa àtijọ́.

Mo pe Bọ̀dá mi. Wọ́n ní kí n fọkàn balẹ̀, àwọn máa wá nǹkan ṣe sí i. Ìyẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù. Nǹkan tí Bọ̀dá mi bá ti wá nǹkan ṣe sí kì í padà sí bó ṣe wà mọ́.

Àìkú, 8 oṣù kẹfà

Bọ̀dá mi gbé ìgò oògùn ẹja búráùn kan dé. Mo gbà á, mo kà á. Lábẹ́ gbogbo ìlérí ńláńlá tó wà níwájú ẹ̀, wọ́n kọ ọ́ sí ẹ̀yìn, ní lẹ́tà tó kéré bí èèrà, pé kí a má lò ó níbi tí ewéko tàbí ìgbín omi bá wà.

"Ẹ wo ibí yìí, Bọ̀dá mi. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ."

"Gbogbo oògùn ni wọ́n ń kọ irú ẹ̀ sí lára. Kí ẹnikẹ́ni má baà pè wọ́n lẹ́jọ́ ni."

"Ẹ jẹ́ ká kó ẹja sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, ká fún wọn lóògùn níbẹ̀. Kò ní kan ewé."

"Ìwọ àti bọ́kẹ́ẹ̀tì. Ẹja ló ń ṣàìsàn, ewé lò ń ṣàánú."

"Ẹja, ẹ lè rí i rà lọ́la. Níbo lẹ ti máa rí Alágídí rà?"

Wọn ò mọ èyí tó ń jẹ́ Alágídí. Ọmọ Bàbá ni wọ́n, wọn ò mọ̀ ọ́n. Bàbá ló sọ gbogbo ewé yẹn lórúkọ: Ọ̀já tó gùn tẹ́ẹ́rẹ́ tó bo ẹ̀yìn tánkì látòkè délẹ̀; Pupa láàárín; Tìmùtìmù tó bo òkúta bí irun àgùntàn; àti Alágídí, tí wọ́n fi òwú so mọ́ igi lọ́dún tí wọ́n fẹ̀yìntì. Ilé-iṣẹ́ fún wọn ní aago ògiri lọ́jọ́ náà. Wọ́n gbé aago sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, wọ́n lọ ra tánkì. Ní báyìí tí ẹsẹ̀ ò gbé wọn jìnnà mọ́, iwájú ẹ̀ ni wọ́n ń jókòó sí láti òwúrọ̀ títí ilẹ̀ fi ń ṣú, ìwé ìròyìn lórí itan.

Àdéhùn wa ni pé Bọ̀dá mi máa wá ẹ̀rọ tó ń mú omi móoru, ká lè fi bọ́kẹ́ẹ̀tì ṣe ilé ìwòsàn fún ẹja. Ṣùgbọ́n ó ní láti jẹ́ pé àwọn ló sọ̀rọ̀ kẹ́yìn. Wọ́n gbé ìgò búráùn náà ka orí pẹpẹ ẹ̀gbẹ́ tánkì. "Ó wà níbẹ̀ tí orí ẹ bá pé."

Ìṣẹ́gun, 10 oṣù kẹfà



Mo ti ilé ìfọṣọ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ dé, n kò tíì bọ́ bàtà tí mo fi rí i. Gbogbo ìgbín omi ti jábọ́ lára gíláàsì, wọ́n sùn sórí yanrìn, ìkarahun dojú délẹ̀. Àwọn edé kéékèèké tí èèyàn máa ń rí inú wọn kedere ti pọ́n bí ẹni tí omi gbígbóná dà lù. Omi mọ́ ju bó ṣe yẹ lọ, ó ní àwọ̀ búlúù fẹ́ẹ́rẹ́ tí kì í ṣe tiẹ̀. Ìgò búráùn náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo.

Mo ní, "Bàbá, ta ló da oògùn sínú omi?"

Wọ́n ní ó dáa. Wọn ò wo ojú mi.

Obìnrin ilé kejì tó máa ń bá mi yọjú sí wọn ní Bọ̀dá mi wá lọ́sàn-án, wọ́n gbé ẹ̀rọ ìmóoru wá. Mo pè wọ́n.

"Ṣé ẹ̀yin lẹ da oògùn yẹn sí i?"

Wọ́n kọ́kọ́ béèrè bóyá Bàbá ti jẹun.

"Èmi ni."

"Lẹ́yìn gbogbo ohun tí mo sọ?"

"Mo ní èmi ni. Má da Bàbá láàmú."

Mo pa fóònù mọ́ wọn létí. N kò ṣe bẹ́ẹ̀ rí láyé mi.

Láti òní lọ, nínú ìwé yìí, "ó" ni. Ẹni tó ṣe irú èyí kò yẹ lẹ́ni tí à ń pè ní "wọ́n". Lójú ẹ̀, màá ṣì máa sọ "ẹ", torí wọ́n kọ́ mi nílé. Níbí, "ó" ni.

Ọjọ́rú, 11 oṣù kẹfà

Mo tọrọ àyè níbi iṣẹ́. Ọ̀gá wa ní nítorí kí ni. Mo ní ẹnìkan ń ṣàìsàn nílé, irọ́ kọ́.

Mo gbé ìgò náà lọ bá Ẹlẹ́ja, ọkùnrin tó ń ta ẹja ọ̀ṣọ́ lẹ́yìn ilé búrẹ́dì, òun àti Bàbá ti jọ ń ṣeré ọjọ́ ti pẹ́. Ó gbóòórùn ìgò náà, ó fajú ro.

"Bàbà, irin inú wáyà iná, ló wà nínú eléyìí. Ó ń pa kòkòrò ara ẹja, ó ń pa ìgbín, ó ń pa edé. Ewé á máa fà á mu bí ọmọ ṣe ń mu ọmú, kò mọ̀ pé májèlé ni."

"Kí ni mo lè ṣe?"

"Ẹ pààrọ̀ omi. Lọ́la, ẹ tún pààrọ̀. Ẹ fi èédú sínú asẹ́, kó máa bá yín fà á. Ewé tó bá ti rà, ẹ gé e kó tó ba omi jẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ má fa gbòǹgbò tu o, àǹtí. Gbòǹgbò gbọ́n ju ewé lọ."

"Ṣé wọ́n máa yè?"

"Oògùn ẹja kì í ṣe oògùn ewé. Mi ò lè purọ́ fún yín."

Bàbà. Mo ń tún un sọ lẹ́nu títí mo fi dé ilé. Bàbà ló pa ewé Bàbá. Àmì kékeré kan ló yà wọ́n sọ́tọ̀, ọ̀kan ń gbìn, èkejì ń pa.

Omi ẹ̀rọ kò yọ. Mo pọn láti ìsàlẹ̀, àtẹ̀gùn sí àtẹ̀gùn, mo sì bú ẹ̀gbọ́n mi ní gbogbo ibi tí mo ti sinmi. Bí mo ṣe bú u tó, èébú ṣì ṣẹ́kù nígbà tí mo dókè.

Ẹtì, 13 oṣù kẹfà

Ó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀já kọ́kọ́ lọ. Ewé ẹ̀ ń mọ́ gaara bí ọ̀rá, tí èèyàn bá fọwọ́ kàn án á yọ́ sí i lọ́wọ́. Pupa ti di ẹ̀tẹ̀ ẹ̀tẹ̀, ihò níbí, ihò lọ́hùn-ún. Tìmùtìmù dúdú bí irun tí iná rà. Òórùn ẹ̀ gba gbogbo pálọ̀, bí aṣọ tútù tí wọ́n gbàgbé sínú ẹ̀rọ. Òórùn yẹn, mo mọ̀ ọ́n, òun náà ni mo fi ń jẹun. Ṣùgbọ́n nílé ìfọṣọ, a máa ń fọ̀ ọ́ kúrò.

Bàbá jókòó síwájú ẹ̀, wọn ò ṣí ojú kúrò. Mo yí àga wọn sí fèrèsé. Nígbà tí mo máa fi gbé oúnjẹ dé, wọ́n ti fi ẹsẹ̀ òsì tì í padà.

Àìkú, 15 oṣù kẹfà

Ẹ̀gbọ́n mi wá. Ó gbé èso dání. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà bí agbowó-iná.

"Mo ti ń rò ó," ó ní, "ká gbé tánkì yìí kúrò. Mo mọ àwọn tó máa wá gbé e. Màá ra tẹlifíṣọ̀n ńlá síbẹ̀."

Mo ní, "Ẹ pa á tán, ẹ wá fẹ́ sin ín."

"Ìwọ ò rí bí Bàbá ṣe ń wò ó ni? Ṣé ó yẹ kí wọ́n jókòó síwájú nǹkan tó ń jẹrà lójoojúmọ́?"

"Ta ló mú kó jẹrà?"

Ó wo Bàbá, Bàbá wo ilẹ̀.

"Tánkì lásán ni," ó ní.

Mo ní kó máa lọ. Mo ní, "Ẹ máa lọ, Bọ̀dá mi, kí n tó sọ ohun tí kò yẹ kí n sọ sí yín." Ó fi èso sílẹ̀, ó lọ. N kò jẹ nínú ẹ̀. Bàbá jẹ ẹ́.

Wọ́n ní ìbínú ò da nǹkan fúnni. Ẹni tó pa òwe yẹn kò ní ẹ̀gbọ́n.

Ọjọ́bọ̀, 19 oṣù kẹfà

Alágídí ju ewé sílẹ̀. Alágídí.

Àbámẹ́ta, 21 oṣù kẹfà

Ohun tó dùn mí jù lónìí ni pé ara ẹja yá. Kò sí funfun kankan lára wọn mọ́. Wọ́n sanra, wọ́n ń dán, wọ́n ń gbé ìrù kiri nínú ibojì bí ọmọ olówó níbi ìsìnkú. Mo fún wọn lóúnjẹ, torí Bàbá ń wò mí. Àmọ́ mo bú wọn kí n tó fún wọn.

Ìṣẹ́gun, 24 oṣù kẹfà

Olùkọ́ ọ̀rọ̀ tó fẹ́ kọ́ Bàbá bí wọ́n ṣe máa tún sọ̀rọ̀ wá láti ilé ìwòsàn. Ọmọbìnrin jẹ́jẹ́ ni, ó ń rẹ́rìn-ín ṣáá. Ó to káàdì aláwòrán síwájú Bàbá. "Bàbá wa dáadáa, kí nìyí? Bà... bà... bàtà." Ohùn tí wọ́n fi ń bá ọmọ tó ń hu eyín sọ̀rọ̀ ni. Bàbá tó jẹ́ ọ̀gá yàrá ẹ̀rọ, tí àwọn ọkùnrin onírùngbọ̀n ń dúró ṣánṣán níwájú wọn. Bàbá kọjú sí ògiri.

Ó fà mí sí kíṣínì. "Ẹ má jẹ́ kí inú bí wọn o. Ẹ máa bá wọn rọra. Ṣé wọ́n ń kàwé?"

"Láràárọ̀ ni wọ́n ń ka ìwé ìròyìn."

"Ìyẹn dára gan-an," ó ní, ó sì fi àmì sí ìwé rẹ̀.

Gbogbo wa la ń rọra. Ẹ̀gbọ́n mi ń rọra, olùkọ́ ń rọra, èmi náà ń rọra láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún títí eyín fi ń ro mí nídìí nítorí pé mo ń dì í.

Àìkú, 29 oṣù kẹfà

Ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Ẹlẹ́ja ní omi ti mọ́ tó, kí n bẹ̀rẹ̀ sí fún gbòǹgbò lóúnjẹ díẹ̀díẹ̀. Mo ti ki apá méjèèjì bọ inú tánkì, mo ń gé ewé jíjẹrà. Ìgò oúnjẹ ewé wà lórí pẹpẹ lápá òsì Bàbá, ìgò oògùn tí a fi ń pa kẹ́míkà inú omi ẹ̀rọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Búráùn ni méjèèjì, ìdérí dúdú. Mo ní, "Bàbá, ẹ bá mi mú oúnjẹ ewé."

Wọ́n na èyí tí kì í ṣe òun sí mi.

Mo rẹ́rìn-ín. "Kì í ṣe eléyìí. Oúnjẹ ewé."

Wọ́n dá a padà. Wọ́n mú ìkejì, wọ́n sún un mọ́jú, wọ́n gbé e sílẹ̀. Wọ́n tún mú ti àkọ́kọ́. Ètè wọn ń lọ, ojú wọn ń tẹ̀ lé lẹ́tà, lẹ́yìn náà ó dúró, ó padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n tún na ti àkọ́kọ́ sí mi.

Mo yọ apá kúrò nínú omi. N kò nu ún. Mo mú ìwé ìròyìn orí itan wọn.

"Bàbá, wọ́n ní òjò máa rọ̀ lọ́la. Ẹ fi ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí hàn mí."

Wọ́n wo ojú ìwé náà pẹ́. Wọ́n fi ìka lé àwòrán agbábọ́ọ̀lù kan.

Mo wo ìgò. Mo rántí pé ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni oògùn wọ omi. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni Bàbá máa ń fún ewé lóúnjẹ láti ọjọ́ tí wọ́n ti ra tánkì yẹn, àìsàn dé, wọn ò gbàgbé ọjọ́. Ìgò búráùn mẹ́ta ló wà lórí pẹpẹ lọ́jọ́ náà.

Mo ní, "Ẹ̀yin ni."

"Ó dáa."

"Kò dáa. Ẹ̀yin lẹ dà á."

"Ó dáa, ó dáa."

Nǹkan tí mo ti ń dì láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún já mọ́ mi lọ́wọ́. N kò mọ̀ pé mo ní irú ohùn yẹn. Mo ní, "Kò dáa, Bàbá. Kò dáa rí. Láràárọ̀ lẹ ń ṣí ìwé bí ẹni ń kà, mo ń ra ìwé yẹn fún yín, mo ń rò pé ó kéré tán, ìyẹn ṣì kù. Ẹ jẹ́ kí n máa bú ọmọ ọlọ́mọ. Ẹ tú májèlé sí ewé tẹ́ ẹ fi ọwọ́ ara yín gbìn, ẹ jókòó, ẹ ń wò mí bí mo ṣe ń pọnmi. Ẹ ò lè kà mọ́. Ṣé ẹ lè kà?"

Wọ́n gbé ọwọ́ òsì sókè, wọ́n sì fi gbá apá àga náà débi tí ìgò fi ṣubú.

"Rárá."

Ó mọ́ gaara. Ohùn yàrá ẹ̀rọ ni.

"Rárá," wọ́n ní. "Rárá. Rárá."

Wọn ò sunkún. Inú ń bí wọn ni, inú ń bí wọn burúkú, iṣan ọrùn wọn ta. Èmi náà dúró níwájú wọn, omi ń ro lára mi sórí kápẹ́ẹ̀tì, à ń mí gúlegúle bí ẹni tó jìjàkadì. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti bá Bàbá jà. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti kà wọ́n sí ẹni tó tó bá jà.

Lẹ́yìn náà mo pe Bọ̀dá mi. Mo ní, "Kí ló dé tẹ́ ẹ fi ní ẹ̀yin ni?"

"Mo bá ìgò lọ́wọ́ wọn. Wọ́n rí ìgbín tó ń jábọ́, wọ́n wò mí, wọ́n fi ìka sí ẹnu báyìí. Wọ́n ń bẹ̀ mí. Bàbá mi ń bẹ̀ mí. Kí ni kí n ṣe?"

Mo dá "wọ́n" wọn padà fún wọn. Kì í ṣe pé mo ti dárí jì wọ́n.

Ọjọ́ Ajé, 30 oṣù kẹfà

Mo pe olùkọ́ ọ̀rọ̀. Ó ní àìsàn tó bá gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu èèyàn a máa gba lẹ́tà lójú ẹ̀ pẹ̀lú nígbà mìíràn, ojú á ríran, kò kàn ní mọ ohun tó rí.

"Ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ wá béèrè lọ́wọ́ èmi bóyá wọ́n ń kàwé? Ẹ ò gbé ìwé síwájú wọn?"

"Ó yẹ kí n ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ má bínú."

"Mo ń bínú."

"Ẹ sọ pé wọ́n ní 'rárá'. Kí lẹ ṣe fún wọn tí wọ́n fi sọ ọ́?"

"Mo pariwo mọ́ wọn."

Mo rò pé ó fẹ́ bá mi wí. Ó ní, "Kò sí nínú ohun tí wọ́n kọ́ wa. Ṣùgbọ́n ẹ má padà sí rírọra jù. Èmi náà máa dẹ́kun káàdì yẹn."

Àbámẹ́ta, 5 oṣù keje

Bọ̀dá mi wá. A jà. Ìjà gidi, tí obìnrin ilé kejì fi wá kan ilẹ̀kùn pé ṣé kò sí.

Mo ní tí wọ́n bá ti sọ òótọ́ lọ́jọ́ yẹn, à bá ti mọ̀ nípa ìwé kíkà, à bá ti mọ ibi tí a máa tọ́jú. Wọ́n ní èmi ni mo sọ ilé yìí di ibi tí ẹ̀rù ti ń ba èèyàn láti ṣàṣìṣe. Mo ní ta ló gbé ẹja tó ń ṣàìsàn wá? Wọ́n ní ta ló ń gbé ẹja wá kí ó lè pa ewé? Mo ní ẹ ò mọ orúkọ ewé kan. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni, mi ò mọ̀ ọ́n, Bàbá ò pè mí wò ó rí, ìwọ ni wọ́n máa ń pè.

N kò mọ̀ pé ó ń dùn wọ́n.

Wọ́n yíjú sí Bàbá. "Bàbá, ẹ jẹ́ kí n bá yín gbé tánkì yìí kúrò. Ẹ jọ̀ọ́. Kẹ́ ẹ má máa wò ó mọ́."

"Rárá," Bàbá wí. Wọ́n na ìka sí Bọ̀dá mi, wọ́n na ìka sí bọ́kẹ́ẹ̀tì. "Rárá. Omi."

Bọ̀dá mi wò mí. Mo ní, "Wọ́n ní kẹ́ ẹ lọ pọnmi."

Wọ́n bọ́ aago ọwọ́, wọ́n ká apá ṣẹ́ẹ̀tì sókè, wọ́n gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì. Nígbà tí wọ́n dókè lẹ́ẹ̀kẹta, wọn ò lè sọ̀rọ̀. Inú mi dùn díẹ̀, mi ò ní purọ́.

Ọjọ́rú, 16 oṣù keje

Ooru mú. Mo tẹ áyọ́ọ̀nù gbígbóná sí ọwọ́ ara mi níbi iṣẹ́. Ẹ̀rọ gbígbẹ tún bàjẹ́. Kò sí ohun tó lọ dáadáa.

Mo dé ilé, Bàbá di apá aṣọ mi mú, wọ́n fà mí dé iwájú gíláàsì, wọ́n tẹ imú mọ́ ọn. Mo wò, n kò rí nǹkan. Wọ́n fi èékánná kan gíláàsì. Níbi tí Pupa wà tẹ́lẹ̀, láàárín yanrìn tó ṣófo, ewé kan yọ orí. Ó ká bí etí ọmọ tuntun. Kò tóbi ju hóró ìrẹsì lọ.

Mo sọ fún ewé náà pé ó pẹ́ jù kó tó dé.

Àìkú, 27 oṣù keje

Tìmùtìmù kò ní padà. Mo ti gbà. Alágídí ń yọ ewé méjì, lórí igi ẹ̀ níbẹ̀, bí ẹni pé kò sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀. Ọ̀já kú tán porogodo, gbòǹgbò ẹ̀ rà.

Mo bá Ẹlẹ́ja. Ó mú mi wọ ẹ̀yìn, sí tánkì kan tí kì í fi hàn oníbàárà. Ọ̀já kún inú ẹ̀. "Lára èyí tí Bàbá fún mi níjọ́sí ni mo ti gbìn ín. Ọmọ ilé yín ni." Ojú mi ti ń ṣomi lọ, àfi bó ṣe dá iye tó ń tà á lé mi. Kò dín in rárá. Mo san án pẹ̀lú ìbínú.

Bọ̀dá mi pè nírọ̀lẹ́ láti béèrè èwo ni Pupa nínú fọ́tò tí mo fi ránṣẹ́. Ìgbà ẹlẹ́ẹ̀kejì tí wọ́n máa béèrè nìyẹn. Mo tún sọ fún wọn.

Àìkú, 3 oṣù kẹjọ

Mo gbin Ọ̀já lónìí.

Mo gun àpótí, mo ki apá bọ omi dé èjìká. Ewé náà ń yọ̀ lọ́wọ́, bí mo bá ti tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ni omi ń gbé e sókè. Àwọn ẹja pupa burúkú yẹn ń wá já yanrìn tí mo bá ti kó jọ. Mo bínú, mo gbẹ́ ihò tó jìn, mo ki àkọ́kọ́ bọ inú ẹ̀, mo kó yanrìn bò ó mọ́lẹ̀ dáadáa kó lè dúró. Mo ki ìkejì. Mo ki ìkẹta.

Ẹnìkan sọ̀rọ̀ lẹ́yìn mi. "Ó jìn jù."

Mo rò pé rédíò ni. Mo yíjú. Bàbá ti ti àga wọn dé ẹ̀gbẹ́ àpótí mi, wọ́n ń wo yanrìn, ojú wọn le.

"Kí lẹ wí?"

"Ó jìn." Wọ́n gbé itọ́ mì bí ẹni gbé oògùn kíkorò mì. "Jù."

Wọ́n fi ìka kan gíláàsì, níbi tí ewé àti gbòǹgbò ti pàdé, ibi funfun yẹn, ọkàn rẹ̀, tí kò gbọdọ̀ wọlẹ̀ torí á jẹrà.

"Bàbá, mo mọ bí wọ́n ṣe ń gbin Ọ̀já."

"Ó jìn jù."

Omi ti wọ inú aṣọ mi dé ìdí. Ẹ̀yìn ń ro mí. Ọwọ́ tí mo fi áyọ́ọ̀nù jó ń ta mí. Láti àárọ̀ ni mo ti wà lórí àpótí yẹn, ọkùnrin kan sì jókòó sórí tìmùtìmù, tíì lọ́wọ́, ó ń bá mi wí bí ẹni pé mo jẹ́ ọmọṣẹ́ tó dé lánàá. Inú bí mi débi tí n kò fi ríran dáadáa mọ́, mo ní láti fi èjìká nu ojú.

Mo fa gbogbo ẹ̀ tu, mo sì bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, bí wọ́n ṣe fẹ́.